Ó wọ awò ojú, ó wọ ìbọ̀wọ́, sódà ṣì jó o: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan nílé iṣẹ́ ọṣẹ

Ilé iṣẹ́ ọṣẹ kékeré ni, òṣìṣẹ́ méjì ló sì wà níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọ̀kan ń gé ọṣẹ tó ti dì. Èkejì fẹ́ po omi sódà tí wọn yóò fi ṣe ọṣẹ tuntun: kílò 4 kọ́sítíìkì sódà gbígbẹ, lítà 8 omi, korobá ike lítà 20. Ẹ má rò pé ṣe ló wá síbi iṣẹ́ lásán. Awò ojú wà lójú rẹ̀, irú èyí tí àwọn tó ń gé irin máa ń lò. Ó wọ ìbọ̀wọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan dà nù, ó fi aṣọ bo imú, ó so épírọ́ọ̀nù aṣọ mọ́ ara, ó wọ bàtà awọ tó ga dé ọrùn ẹsẹ̀, ó sì ki ẹnu ṣòkòtò bọ inú bàtà. Lórí ìwé àyẹ̀wò tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, ojú, ọwọ́, imú, ara àti ẹsẹ̀ ló gba àmì pé ohun ààbò wà níbẹ̀.

Kò tó ìṣẹ́jú 10 lẹ́yìn náà tí sódà fi jó o lójú òsì, lọ́rùn ọwọ́ ọ̀tún àti lọ́rùn ẹsẹ̀.

A ò dárúkọ ibì kan tàbí ẹnì kan nínú àkọsílẹ̀ yìí. Ṣe la tò ó jọ bí irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń lọ, kí a lè tọ ipa rẹ̀ láti ìdí korobá títí dé ilé ìwòsàn, kí a sì rí ibi tí ohun ààbò márùn-ún gbà já ẹni tó wọ̀ wọ́n kulẹ̀.

Bí ó ṣe lọ

Ó wọn sódà tán, ó dà á sínú korobá tó gbẹ. Lẹ́yìn náà ló bu omi lé e. Inú táǹkì tí oòrùn ti ń pa ni omi náà ti wá, ó ti lọ́wọ́ọ́wọ́. Lítà àkọ́kọ́ kò ju kí ó hó díẹ̀, àmọ́ sódà tó wà nísàlẹ̀ ti dì mọ́ra gbagidi. Ó tún bu omi sí i. Nígbà tó rí i pé kò yòrò, ó tẹ̀ ba korobá, ó fi orógùn gún ìdì náà kí ó lè fọ́.

Ibẹ̀ ni omi gbígbóná ti rú jáde lábẹ́ ìdì náà, tó sì fọ́n kọjá etí korobá. Ẹ̀kán díẹ̀ gba àárín ìpéǹpéjú òkè àti etí awò wọlé sí ojú òsì. Òmíràn ta sí apá ọ̀tún, ó ṣàn sínú ìbọ̀wọ́. Èyí tó pọ̀ jù ta sí ojúgun, ó sì wọ inú bàtà lọ.

Ó pariwo. Ẹnì kejì rẹ̀ mú omi inú ike, lítà kan àbọ̀, ó dà á sí i lójú. Omi náà tán láàárín ìṣẹ́jú 2. Ìrora rọlẹ̀ díẹ̀, wọ́n sì rò pé ó ti jáde. Wọ́n wọkọ̀, ó di ilé ìwòsàn. Ìbọ̀wọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́nà, bàtà sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n yí ìpéǹpéjú òkè síta níbẹ̀, èérún sódà kan tí kò tíì yòrò ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Ọgbẹ́ ọrùn ẹsẹ̀ ló jìn jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò ranti ẹsẹ̀ nítorí ojú.

Ohun tó wà nínú korobá

Sódà gbígbẹ kò gbóná lọ́wọ́. Omi ló ń mú ooru rẹ̀ jáde. Bí kílò kan bá yòrò pátápátá nínú omi púpọ̀, ooru tó ń tú jáde tó nǹkan bíi kilojúùlù 1,100 (kilojúùlù ni wọ́n fi ń wọn agbára ooru). Ooru yẹn tó láti mú omi tó ju lítà 3 lọ, tó wà ní 20 °C, dé orí híhó. Kílò 4 ló wà nínú korobá yẹn, lítà omi kan péré ló sì kọ́kọ́ kàn án. Omi tó bá kéré tó bẹ́ẹ̀ kò ríbi pín ooru sí, ó ní láti hó níbi tó wà.

Ìdì yẹn ló mú ọ̀rọ̀ burú sí i. Bí omi bá kan sódà tó pọ̀ lójú kan, òkè rẹ̀ á yòrò díẹ̀, á sì tún lẹ̀ pọ̀ di èépá líle. Omi díẹ̀ á há sábẹ́ rẹ̀, á máa gbóná láìrí ọ̀nà jáde. Ẹni tó bá wá fi igi gún un ti ṣí ìdérí ìkòkò tó ń hó, ojú rẹ̀ sì wà lókè ìkòkò náà. Ìdí nìyí tí gbogbo ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí fi ń sọ pé sódà ni kí ẹ máa dà sínú omi, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ má sì da omi lé sódà láéláé. Omi gbígbóná tàbí omi oòrùn tún ń fi ìwọ̀n ooru kún èyí tó ti pọ̀ jù tẹ́lẹ̀.

Ohun tí sódà ń ṣe fún ara náà yẹ ní mímọ̀, nítorí òun ló fa àṣìṣe ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú 2 yẹn. Ọṣẹ ni ohun tí sódà ń sọ òróró dà nínú ìkòkò. Ọ̀rá tó wà lára awọ àti lára ẹyinjú kò yàtọ̀ lójú rẹ̀: ṣe ló ń sọ ọ́ di ọṣẹ, tó ń tú èròjà ara palẹ̀, tó sì ń jìn sí i. Ọ̀pọ̀ ásíìdì máa ń mú kí ojú ibi tó jó dì, ibi tó dì náà á sì dá díẹ̀ nínú rẹ̀ dúró. Sódà kì í mú kí ara dì bẹ́ẹ̀, ọ̀nà ló ń là fún ara rẹ̀. Ó lè máà dun èèyàn púpọ̀ níbẹ̀rẹ̀. Bí awọ bá ń yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́ lẹ́yìn tí ẹ ti da omi sí i, sódà ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ nìyẹn. Nítorí náà, ìrora tó rọlẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pé ó ti kúrò.

Awò ojú

Awò tó wọ̀ kò ní àbùkù kankan fún iṣẹ́ tí wọ́n ṣe é fún. Èérún irin máa ń fò wá tààrà látiwájú, awò bẹ́ẹ̀ á sì dá a dúró. Omi kì í fò bẹ́ẹ̀. Ó ń ta sí iwájú orí, ó ń ṣàn gba ìpéǹpéjú bọ̀. Ó ń ta sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ń fò sókè. Awò tó ṣí lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti nísàlẹ̀ kò lè ṣe nǹkan kan sí i.

Gọ́gùùsì ló yẹ ojú yẹn, èyí tó ní rọ́bà rírọ̀ tó lẹ̀ mọ́ ojú yíká. Níbí náà, ẹ wo ihò afẹ́fẹ́ rẹ̀ dáadáa. Gọ́gùùsì tí ihò rẹ̀ ṣí gbayawu, tí ẹ lè rí ìmọ́lẹ̀ gbà níbẹ̀ tààrà, wà fún eruku igi àti èérún. Ti omi kẹ́míkà ní ìdérí kékeré lórí ihò, kí afẹ́fẹ́ lè yí kọ́rọ́ kí ó tó wọlé. Omi kò lè yí kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀. Ìlànà Yúróòpù EN 166 máa ń ní kí wọ́n tẹ nọ́ńbà 3 sára férémù gọ́gùùsì tó lè dá omi tó ń ta dúró. Ti Amẹ́ríkà, ANSI Z87.1, ń lo D3. Bí ẹ ò bá rí ọ̀kan nínú wọn, ẹ má gba ẹnu ẹni tó ń tà á gbọ́.

Ìbòjú oníke gbọọrọ tó bo iwájú orí títí dé àgbọ̀n ń ṣe ìrànlọ́wọ́ gidi, ó ń gba imú, ẹnu àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ là. Àmọ́ orí gọ́gùùsì ni kí ẹ fi lé, kì í rọ́pò rẹ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣí, ohun tó bá sì fò sókè látinú korobá tó wà nílẹ̀, ìsàlẹ̀ gan-an ló ń bá wá.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà sí: polycarbonate, irú ike líle kan tó mọ́ gaara, ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ gọ́gùùsì àti ìbòjú, sódà sì ń jẹ polycarbonate. Bí ẹ bá jẹ́ kí ẹ̀kán sódà gbẹ sára rẹ̀, á ṣú, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í là wẹ́wẹ́. Ẹ fi omi ṣàn án kété tí iṣẹ́ bá parí. Èyí tó bá ti ṣú tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó wọ̀ ọ́ fi ń gbé e sókè láti ríran kò wúlò mọ́.

Ìbọ̀wọ́ àti ẹnu apá aṣọ

Rọ́bà tí wọ́n fi ṣe ìbọ̀wọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn lè dúró níwájú sódà. Sísanra àti gígùn ló kùnà. Irú rẹ̀ kì í sábà ju ìdámẹ́wàá mìlímítà lọ ní sísanra, èékánná lè fà á ya, ó sì parí sí ọrùn ọwọ́, níbi tí omi ti ń ṣàn kọjá. Lẹ́yìn tí omi bá wọ inú rẹ̀, ìbọ̀wọ́ yóò di àpò tó gbá sódà mọ́ ara. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọwọ́ ọ̀tún nìyẹn, gbogbo ọ̀nà ilé ìwòsàn sì ni àpò náà fi wà níbẹ̀.

Èyí tó yẹ iṣẹ́ náà jẹ́ nitrile, neoprene tàbí butyl (oríṣi rọ́bà àtọwọ́dá ni wọ́n), rọ́bà lásán tàbí ike PVC tó nípọn, bíi mìlímítà 0.4, tó sì gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30 sí 35 kí ó lè bo ìdajì apá ìsàlẹ̀. Awọ àti òwú kò yẹ rárá: òwú ń fa omi mu, awọ sì jẹ́ awọ, sódà yóò jẹ ẹ́ bó ṣe ń jẹ tiwa. Lára ìbọ̀wọ́ tó tẹ̀lé ìlànà EN ISO 374-1, ẹ wá lẹ́tà K lábẹ́ àwòrán ìgò kẹ́míkà. Sódà oní-40 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n fi dán èyí tó ní K wò. Type A tàbí Type B túmọ̀ sí pé kẹ́míkà tí wọ́n kọ lẹ́tà rẹ̀ síbẹ̀ kò là á já fún ìṣẹ́jú 30 ó kéré tán. Type C kò ṣèlérí ju ìṣẹ́jú 10 lọ.

Kí ni kí ó wà lókè, ìbọ̀wọ́ ni tàbí apá aṣọ? Ibi tí ọwọ́ yóò kọ sí ló ń pinnu rẹ̀. Bí ẹ bá ń rò ó nínú korobá tó wà nílẹ̀, ọwọ́ kọ sísàlẹ̀; ẹ jẹ́ kí apá aṣọ bo ẹnu ìbọ̀wọ́, kí ohun tó bá ta sí apá lè ṣàn kọjá lórí ìbọ̀wọ́ bọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá ń gbé e sókè láti dà á sínú ìkòkò gíga, omi yóò máa ṣàn padà sí ìgúnpá; ẹ fa ìbọ̀wọ́ bo apá aṣọ, kí ẹ ká etí rẹ̀ síta ní sẹ̀ǹtímítà 3 tàbí 4, kí ó lè gbá ẹ̀kán náà dúró. Ẹni tí yóò ṣe méjèèjì lẹ́sẹẹsẹ gbọ́dọ̀ dúró láàárín láti tún un wọ̀. Kò pẹ́, àmọ́ òun ni nǹkan tí wọ́n ń kọ́kọ́ fò.

Kí ẹ tó wọ ìbọ̀wọ́, ẹ gbá afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀, ẹ ká ẹnu rẹ̀, ẹ fún un, kí ẹ sì gbé e sún mọ́ etí. Bí afẹ́fẹ́ bá ń sá jáde, omi yóò wọlé. Bí sódà bá ti kan inú ìbọ̀wọ́ rí, ẹ jù ú nù. Ó lè gbẹ síbẹ̀, kí òógùn ọwọ́ sì tún jí i.

Ẹsẹ̀, ara àti imú

Ṣòkòtò tí a ki bọ bàtà ń darí omi sínú bàtà. Lẹ́nu iṣẹ́ omi kẹ́míkà, bàtà rọ́bà gíga ni kí ẹ wọ̀, kí ẹnu ṣòkòtò sì wà lóde rẹ̀. Épírọ́ọ̀nù rọ́bà tàbí PVC gbọ́dọ̀ gùn kọjá ẹnu bàtà; èyí tó bá parí sórúnkún yóò da gbogbo ohun tó gbà sórí ojúgun. Ti aṣọ tó so mọ́ ara ṣe ju kò-wúlò lọ, ó fa omi náà mu ó sì gbé e lé itan.

Ìbomú kò fa ìjàǹbá kankan láàárọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n aṣọ kò lè sẹ́ ẹ̀kán kéékèèké tí ooru ń gbé sókè. Sódà kì í di gáàsì níbi iṣẹ́ bí irú èyí. Eruku rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń wọ̀n ọ́n àti ìkùukùu láti inú korobá gbígbóná ló ń bá ọ̀fun jà. Ìwọ̀n tí òfin iṣẹ́ Amẹ́ríkà fàyè gbà nínú afẹ́fẹ́ jẹ́ mìlígírámù 2 nínú mítà onígun mẹ́ta kan. Ìbomú N95 tàbí FFP2, irú èyí tó ń sẹ́ eruku, tó bá lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa, ó tó, irùngbọ̀n tó bá sì wà lábẹ́ etí rẹ̀ yóò ṣí i sílẹ̀. Bí ẹ bá fi omi tútù pò ó, ìkùukùu yẹn kò ní pọ̀ rárá.

Omi lítà kan àbọ̀

Bí a bá ní kí a mú ohun kan ṣoṣo tí ì bá yí ọ̀rọ̀ ojú yẹn padà lẹ́yìn tí sódà ti wọlé, omi ni. Ìlànà ANSI Z358.1 ní kí ibi ìfọjú lè tú omi tó tó lítà 1.5 jáde ní ìṣẹ́jú kan, fún ìṣẹ́jú 15 láìdáwọ́ dúró, kí ẹni tó fara pa sì lè débẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10. Ẹ ṣírò rẹ̀: lítà 22 àbọ̀. Ike omi tí wọ́n lò kò tó ju ìṣẹ́jú kan àkọ́kọ́ lọ. Fún sódà, ọ̀pọ̀ oníṣègùn ò ní gbà pé ìṣẹ́jú 15 tó. Ìṣẹ́jú 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n ń fẹ́, títí ìwé àyẹ̀wò pH (tó ń sọ bóyá ásíìdì tàbí sódà wà nínú omi) tí wọ́n fi kan omi ojú yóò fi fi nǹkan bíi 7, ti pé kò sí èyí tó pọ̀ jù, hàn, tí yóò sì tún fi í hàn lẹ́yìn tí wọ́n bá dúró díẹ̀.

Ọwọ́ ni kí ẹ fi la ìpéǹpéjú, nítorí ojú tó ń jó kì í gbà láti là fúnra rẹ̀. Kí ẹni náà yí ẹyinjú sókè, sísàlẹ̀, sọ́tùn-ún, sósì bí omi ti ń ṣàn, kí omi lè dé ibi tí èérún lè sá pa mọ́ sí. Ẹ dorí rẹ̀ kọ ẹ̀gbẹ́ tó fara pa, kí omi máa ti ẹ̀gbẹ́ imú ṣàn síta, kí ó má bàa wọ ojú kejì. Bí ó bá lo awò inú ẹyinjú, ẹ yọ ọ́ bí omi ti ń ṣàn, ẹ má dúró yọ ọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀, láàárín 16 °C sí 38 °C, ló ṣeé fara dà fún àkókò gígùn bẹ́ẹ̀. Ẹni tí omi tútù bá ń gún lójú yóò sá kúrò.

Kíkan tàbí omi ọsàn tí àwọn kan ń wá kiri láti fi pa agbára sódà, kí wọ́n fi sílẹ̀. Ìjà ásíìdì àti sódà tún ń mú ooru wá, àkókò tí wọ́n fi wá a sì ni sódà fi ń jìn.

Nígbà tí ojú wà lábẹ́ omi, ẹnì kejì ni kí ó bọ́ bàtà, ìbọ̀sẹ̀, ìbọ̀wọ́ àti aṣọ tó tutù kúrò, kí ó sì máa da omi sí ibẹ̀ náà. Òun náà gbọ́dọ̀ wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ fi omi ṣàn án tó kí ẹ tó ronú ọkọ̀, kí ẹ sì máa da omi sí ojú náà lọ nínú ọkọ̀ bí ó bá ṣeé ṣe.

Ohun tí wọ́n yí padà

Ọ̀nà iṣẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ tún ṣe kí wọ́n tó ra ìbọ̀wọ́ kankan, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀: ohun ààbò ló ń gba ohun tó ti ta, kì í sọ pé kí ó má ta. Omi tútù lítà 8 ló ń kọ́kọ́ wọ korobá. Sódà ń tẹ̀lé e ní gírámù 250 lẹ́ẹ̀kan, ìgbà 16, wọ́n á sì máa rò ó títí ti ìṣáájú yóò fi yòrò tán. Bí ohun ìwọ̀n ooru bá dé 60 °C, wọ́n á dúró kí ó sọ̀kalẹ̀. Korobá lítà 20 ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, torí pé kò kún dé ìdajì, ike rẹ̀ sì jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní polypropylene, nọ́ńbà 5 nínú àmì onígun mẹ́ta tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n gbé e sínú ọpọ́n ńlá tó lè gba ohun tó bá dà. Orógùn igi lọ, orógùn irin tí kì í dípẹtà, tó gùn gbọọrọ, ló wọlé, kí ojú má bàa wà lókè korobá. Wọ́n kó gbogbo ìkòkò àti síbí alumíníọ̀mù kúrò nínú yàrá náà, nítorí sódà ń jẹ wọ́n, gáàsì háídrójìn tó ń jáde níbẹ̀ sì lè gbaná. Àpò sódà tí wọ́n ti ṣí ń wọ inú ike tó dé pinpin, kí ó má fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ kí ó sì di òkúta.

Bíbọ́ ohun ààbò náà ní ètò tirẹ̀ báyìí. Wọ́n ń fi omi fọ ìbọ̀wọ́, épírọ́ọ̀nù àti bàtà nígbà tí wọ́n ṣì wà lára. Ìbòjú àti épírọ́ọ̀nù ń kọ́kọ́ kúrò, bàtà tẹ̀lé e, ìbọ̀wọ́ lẹ́yìn, wọ́n á fọ ọwọ́, wọ́n á sì wá fi ọwọ́ mímọ́ fa okùn gọ́gùùsì láti ẹ̀yìn orí. Ẹni tó bá fi ìbọ̀wọ́ tó ní sódà tú gọ́gùùsì ti gbé e dé ojú fúnra rẹ̀.

Ìwé ara ògiri yẹn náà yí padà. Kò béèrè mọ́ bóyá ohun ààbò wà. Ẹni tó fẹ́ pò ó gbọ́dọ̀ kọ nọ́ńbà tó wà lára férémù gọ́gùùsì àti lẹ́tà tó wà lára ìbọ̀wọ́ síbẹ̀, kí ó kọ ẹni tó fún ìbọ̀wọ́ náà wò, àti ibi tí ẹnì kejì yóò dúró sí. Táǹkì ìfọjú lítà 30 wà ní ìṣísẹ̀ mẹ́fà sí korobá, kò sí ohunkóhun lọ́nà ibẹ̀. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń ṣí i kí omi rẹ̀ ṣàn, wọ́n á sì gbé aago wò bóyá ó ṣì ń tú lítà 1.5 jáde ní ìṣẹ́jú kan.